Ètò Tó Ń Ṣáájú Ọkọ̀ Akẹ́rù: Bí Ìdílé Ṣe Ń Kó Lọ Sílé Tuntun

Ọjọ́ tí ọkọ̀ akẹ́rù bá dúró lẹ́nu ọ̀nà ni ará àdúgbò máa ń mọ̀ pé ẹnì kan ń kó lọ. Iṣẹ́ náà gan-an ti yẹ kó bẹ̀rẹ̀ tipẹ́ kó tó di ọjọ́ yẹn. Bí kò bá tíì bẹ̀rẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni yóò wó lu ìdílé lẹ́ẹ̀kan náà. Owó tó tán lójú ọ̀nà, ilé tí ẹlòmíràn ti san owó rẹ̀, ọmọ tó pàdánù ìbẹ̀rẹ̀ sáà ẹ̀kọ́, fíríìjì tó kọ̀ tí kò tutù mọ́, ìwé ẹ̀rí tó di àwátì: díẹ̀ nínú wàhálà wọ̀nyí ló ń ti ọwọ́ awakọ̀ tàbí alábàárù wá. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti fìdí múlẹ̀ ní oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú, nígbà tí ẹnikẹ́ni nínú ilé ò tíì wá páálí kan ṣoṣo. Àwọn ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú yìí ló yẹ kí ẹni tó fẹ́ kó lọ gbájú mọ́. Èkó àti Ìbàdàn ni a ó ti fa àpẹẹrẹ púpọ̀ jù yọ, nítorí ibẹ̀ ni àìmọye ìdílé ti ń gbé ilé àyágbé, tí wọ́n sì ń kó kiri.

Ọjọ́ méjì ni gbogbo ètò rọ̀ mọ́: ọjọ́ tí owó ilé tí ìdílé wà nínú rẹ̀ yóò parí, àti ọjọ́ tí ilé tuntun yóò ṣeé wọ̀. Bí ọjọ́ méjèèjì bá ṣe kòńgẹ́ ara wọn, ó dùn ún gbọ́ létí, ṣùgbọ́n kò fi àyè kankan sílẹ̀ fún ìdádúró. Ayálégbé tó wà nílé tuntun lè bẹ̀bẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan sí i. Ọ̀dà lè má tíì gbẹ. Onílé lè gbé kọ́kọ́rọ́ rìnrìn àjò. Owó ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì tí ilé méjèèjì bá fi lé orí ara wọn kì í ṣe ìnákúnàá, òun ni kì í jẹ́ kí ẹrù sun ìta.

Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ilé àyágbé tí wọ́n ṣe lọ́dún 2011 là á sílẹ̀ pé bí onílé àti ayálégbé kò bá ti fẹnu kò sórí ohun mìíràn, ẹni tó ń sanwó lóṣooṣù ní ẹ̀tọ́ sí ìkìlọ̀ oṣù kan, ẹni tó ń san án ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta tàbí mẹ́fà-mẹ́fà ní ẹ̀tọ́ sí oṣù mẹ́ta, ẹni tó ń san án lọ́dọọdún sì ní ẹ̀tọ́ sí oṣù mẹ́fà. Òfin náà yọ Àpápá, Ìkòyí, Victoria Island àti GRA Ìkẹjà sílẹ̀. Ó sì ka fífi ipá lé ayálégbé síta láìsí àṣẹ ilé ẹjọ́ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ìjìyà ń bẹ fún. Ìkìlọ̀ yìí kì í ṣe ti onílé nìkan. Ayálégbé tó fẹ́ máa lọ náà gbọ́dọ̀ kọ̀wé fún onílé, kó kọ déètì sí i, kó sì tọ́jú ẹ̀dà rẹ̀. Ẹnu lásán kì í tó nígbà tí ọ̀rọ̀ bá di ti owó ìdúró tí onílé gbọ́dọ̀ dá padà.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ìdílé ń fi oṣù mẹ́fà ìkìlọ̀ náà ṣe ló ń bani nínú jẹ́. Wọn a fi oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́ bá onílé fa ọ̀rọ̀, wọn a rán àgbààgbà sí i, wọn a gbàdúrà kí ọkàn rẹ̀ rọ̀. Oṣù méjì tó kù ni wọn yóò wá fi sáré kiri, ajẹ́ńtì yóò sì ti rí i lójú wọn pé ilẹ̀ ti ṣú. Ẹ̀bẹ̀ ò burú, ṣùgbọ́n kí wíwá ilé máa lọ lọ́wọ́ bí ẹ̀bẹ̀ ṣe ń lọ lọ́wọ́.

Ìgbà tó dára jù láti yẹ ilé wò àti ìgbà tó dára jù láti kó wọ̀ ọ́ kì í ṣe ọ̀kan náà. Inú òjò ló yẹ kí èèyàn ti wo ilé, nítorí òjò nìkan ló ń fi ìdí òrùlé, gọ́tà àti ojú títì hàn. Ẹ̀ẹ̀rùn, tàbí ìgbà tí òjò bá dẹwọ́, ló sì yẹ kí ẹrù wọ ọkọ̀. Ní ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà, òjò a máa le ní oṣù kẹfà, a máa dẹwọ́ díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, a sì tún gbéra sọ ní oṣù kẹsàn-án. Àsìkò ìdẹwọ́ yìí bọ́ sí ìgbà ìsinmi gígùn àwọn ọmọ ilé ìwé, tí ọdún ẹ̀kọ́ tuntun yóò sì bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án. Fún ìdílé tó ní ọmọ nílé ìwé, ìbẹ̀rẹ̀ sí ààrin oṣù kẹjọ ni àkókò tó rọgbọ jù lọ́dún. Kí wọ́n má ṣe jẹ́ kó di ìparí oṣù náà. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni odò Ògùnpa kún bo Ìbàdàn, tó gbé ilé àti ènìyàn lọ. Ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ kan náà, lọ́dún 2011, ni àgbàrá tún ya bo ìlú náà, tó gba ẹ̀mí àwọn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá mọ ìtàn yìí kò ní fi kíkó ẹrù sí ọ̀sẹ̀ tó gbẹ̀yìn nínú oṣù kẹjọ bí ọ̀nà mìíràn bá wà.

Nítorí náà, omi ni ìbéèrè àkọ́kọ́ níbi àyẹ̀wò ilé, kó tó kan iye yàrá. Kí ẹni tó ń wo ilé wo ìsàlẹ̀ ògiri níta àti nínú, pàápàá lẹ́yìn ìlẹ̀kùn àti nínú kọ́bọ́ọ̀dù ilé ìdáná, níbi tí ọ̀dà tuntun kì í sábà dé. Ìlà tó ṣú lọ gbọọrọ lára ògiri ń sọ ibi tí omi ga dé lọ́dún tó kọjá. Ilé ìtajà tó wà nítòsí mọ̀ ju ajẹ́ńtì lọ. Ìyá tó ń ta bùrẹ́dì ní ẹnu ọ̀nà yóò sọ bóyá àwọn ará ilé máa ń bọ́ bàtà lọ́wọ́ wọlé nígbà òjò. Ní apá Àjégúnlẹ̀ lọ́nà Ìkòròdú àti ní etí odò Ògùn lápá Ìṣẹ́rí, kò tilẹ̀ dìgbà tí òjò bá rọ̀ ládùúgbò kí omi tó wọlé: bí wọ́n bá ṣí omi ìdídò Ọ̀yán sílẹ̀ ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, odò lè kún dé ẹsẹ̀ ìlẹ̀kùn lábẹ́ oòrùn. Omi mímu àti omi ìlò náà ní ìbéèrè tirẹ̀: bóyá kànga ni tàbí bọrihóòlù, ta ló ń san owó iná tó ń fa omi náà, kí sì ni àwọn ayálégbé ń ṣe nígbà tí ẹ̀rọ bá bàjẹ́.

Iná mànàmáná ti di ohun tó ń yí ìṣirò owó ilé padà pátápátá. Ìpele márùn-ún, A dé E, ni àjọ tó ń ṣàkóso iná ọba pín àwọn oníbàárà sí. Ìpele A yẹ kó rí iná fún ó kéré tán wákàtí 20 lójúmọ́, B wákàtí 16, C wákàtí 12, D wákàtí 8, E wákàtí 4. Láti oṣù kẹrin ọdún 2024 ni owó tí ìpele A ń san ti ga ju ti àwọn yòókù lọ fíìfíì. Ìdílé tó bá ti ìpele D bọ́ sí A yóò bọ́ lọ́wọ́ epo pẹtiróòlù jẹnẹrétọ̀ dé ìwọ̀n kan, ṣùgbọ́n iye tí wọ́n ń rà sínú mítà lè di ìlọ́po. Kí wọ́n béèrè ìpele náà lọ́wọ́ ẹni tó ń gbé níbẹ̀, kì í ṣe lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gba kọmíṣọ́ọ̀nù. Kí wọ́n sì wo mítà fúnra rẹ̀. Mítà kì í bá ayálégbé lọ, ilé ló ń gbé. Gbèsè tí ẹni àná fi sílẹ̀ lórí rẹ̀ lè bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ owó ẹni tuntun láti ọjọ́ àkọ́kọ́. Ìwé kékeré kan láti ọ́fíìsì iléeṣẹ́ iná tó fi hàn pé mítà náà mọ́ ń dín ìjà ọ̀pọ̀ oṣù kù.

Ẹ̀tàn kan tó wọ́pọ̀ ní Èkó ni kí ènìyàn márùn-ún tàbí mẹ́wàá san owó ilé kan ṣoṣo. Ajẹ́ńtì èké, tàbí ayálégbé tó fẹ́ sá lọ, yóò gba kọ́kọ́rọ́ sọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, yóò fi ilé náà han gbogbo ẹni tó bá dé, yóò sì fún gbogbo wọn ní ọjọ́ kan náà láti kó wọlé. Lọ́jọ́ náà ni ọkọ̀ ẹrù mẹ́ta yóò pàdé lẹ́nu géètì. Ohun tó ń gba ènìyàn lọ́wọ́ rẹ̀ kò le: kó rí onílé tàbí ẹni tó ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ onílé lójúkojú, kó béèrè orúkọ onílé lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé nínú ọgbà náà, kó sanwó sínú àkáǹtì tó ń jẹ́ orúkọ yẹn, kó sì má ṣe kó owó lé ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ ní alẹ́ tàbí nínú ọkọ̀. Ìpínlẹ̀ Èkó ní iléeṣẹ́ tí ń jẹ́ LASRERA, níbi tí àwọn ajẹ́ńtì ti ń forúkọ sílẹ̀, a sì lè béèrè níbẹ̀. Òfin 2011 sọ ọ́ di dandan fún onílé láti fún ayálégbé ní rìsíìtì owó ilé. Rìsíìtì tí kò bá sọ déètì, iye owó, ibi tí ilé wà àti ìgbà tí owó náà kárí kò tíì pé. Òfin kan náà ló sọ pé onílé kò gbọdọ̀ gba ju owó ọdún kan lọ lọ́wọ́ ayálégbé tuntun tó ń san lọ́dọọdún. Ọ̀pọ̀ onílé ṣì ń gba ti ọdún méjì, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ ohun tí òfin sọ a máa ní ẹsẹ̀ tí yóò fi dúró bí ó bá ń dúnàádúrà.

Owó ilé nìkan kọ́ ni owó tí wọ́n ń ná láti wọlé. Bí ilé kan bá jẹ́ ẹgbẹ̀rún lọ́nà 800 náírà lọ́dún, owó àgírímẹ́ǹtì ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún, kọmíṣọ́ọ̀nù ìdá mẹ́wàá, àti owó ìdúró ìdá mẹ́wàá yóò fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà 240 kún un. Ó ti di mílíọ̀nù kan àti ẹgbẹ̀rún 40 kí ẹnikẹ́ni tó gbé àga kan. Ọkọ̀ ń bọ̀, alábàárù ń bọ̀, kọ́kọ́rọ́ tuntun, gílóòbù, aṣọ fèrèsé tí kò ní bá fèrèsé tuntun mu, kápíńtà tí yóò tún wọ́dúróòbù tò, owó ẹgbẹ́ àdúgbò. Ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ àti àjọ ni ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ fi ń gbé ẹrù yìí, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n kàn rántí pé àjọ ní ìtò tirẹ̀, kí ẹni tó fẹ́ kó lọ ní oṣù kẹjọ sì ti bẹ olórí àjọ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé kó fi òun sí oṣù keje. Ó tún yẹ kí owó oúnjẹ oṣù kan wà lọ́tọ̀ tí ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn. Oṣù àkọ́kọ́ nílé tuntun ni ìnáwó àìròtẹ́lẹ̀ pọ̀ sí jù.

Ẹrù ló kàn. Ibi tí ọgbọ́n wà jù nínú ọ̀rọ̀ ẹrù ni kí ó dín kù kó tó wọ páálí. Yàrá kan ní ọ̀sẹ̀ kan tó, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọn kì í sábà lò: òkè wọ́dúróòbù, abẹ́ ibùsùn, ẹ̀yìn ilé ìdáná. Aṣọ tí kò wọlé mọ́, ìkòkò tó jò, rédíò tó ti dákẹ́ lọ́dún méje sẹ́yìn, gbogbo wọn ló ń gba àyè nínú ọkọ̀ tí wọ́n fi owó háyà. Ohun tó ṣì dára lè lọ sọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tàbí ilé ìjọsìn. Àwọn tó ń ra irin àlòkù yóò gbé fáànù àti fírẹ́mù àtijọ́ lọ, wọ́n á sì sanwó. Ohun kan wà tí kò yẹ kí wọ́n fi ìkánjú dá lẹ́jọ́, ìyẹn ohun ìrántí àgbà: aṣọ òfì ìyá tó ti lọ, àwo kan, fọ́tò tí ojú rẹ̀ ti ń pa rẹ́. Kí ẹnì kan ṣoṣo nínú ìdílé má ṣe dá a sọnù láìbéèrè lọ́wọ́ àwọn yòókù. Ìjà ogún tó ti inú irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ jáde kì í tán bọ̀rọ̀.

Ìwé gbọ́dọ̀ ní àpò tirẹ̀, kí ó má sì wọ ọkọ̀ akẹ́rù rárá. Ìwé ìbí, ìwé ẹ̀rí ilé ẹ̀kọ́, ìwé ìgbéyàwó, ìwé ilẹ̀, páspọ́ọ̀tù, nọ́ńbà ìdánimọ̀ NIN, káàdì ìdìbò, káàdì abẹ́rẹ́ àjẹsára ọmọ, ìwé ilé ìwòsàn, rìsíìtì ilé tó wà àti ti ilé tuntun: ọwọ́ àgbàlagbà kan ni gbogbo rẹ̀ yóò wà láti òwúrọ̀ ọjọ́ ìkólọ títí di alẹ́. Àwọn ìdílé Yorùbá tó gbé Ghana mọ bí ìwé ṣe wúwo tó. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia fún àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú ní ọ̀sẹ̀ méjì láti wá ìwé náà tàbí kí wọ́n máa lọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Yorùbá, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń ṣòwò níbẹ̀ láti ọdún pípẹ́, tí àwọn ọmọ wọn kò sì mọ ìlú mìíràn, ló padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, Ìníṣà, Ẹ̀jìgbò àti àwọn ìlú mìíràn láàárín àkókò kúkúrú yẹn. Ọjà wà ní ṣọ́ọ̀bù, gbèsè wà lọ́wọ́ oníbàárà, kò sì sí àyè láti gbà á. Kíkó lọ ní ìrọ̀rùn jẹ́ àǹfààní tí kì í ṣe gbogbo ìran ló ní in. Ìdílé tó bá ní oṣù mẹ́ta lọ́wọ́ lónìí yẹ kó lò ó dáadáa.

Páálí ni wọ́n ń fi kó ẹrù kéékèèké. Ilé ìtajà tó ń ta mílíìkì àti núdùùsù kì í sábà lọ́ra láti fi í sílẹ̀ lówó pọ́ọ́kú bí wọ́n bá ti sọ fún wọn ṣáájú. Ìwé kíkà ni kó wọ páálí kékeré, ìrọ̀rí àti aṣọ ni ti ńlá, nítorí páálí ńlá tó kún fún ìwé yóò já nísàlẹ̀ kó tó dé ẹnu ọ̀nà. Àwo tí wọ́n bá fi aṣọ ìnura wé, tí wọ́n sì tò ní òòró dípò kí wọ́n tò ó léra, kì í fọ́ bọ̀rọ̀. Kí wọ́n kọ sára páálí kọ̀ọ̀kan ibi tó ń lọ nínú ilé tuntun, kì í ṣe ibi tó ti wá nínú ti àtijọ́. Bí wọ́n bá tú ibùsùn tàbí tábìlì, kí ìṣó àti nọ́ọ̀tì rẹ̀ wọ ọ̀rá kékeré kan, kí wọ́n so ó mọ́ igi rẹ̀ gan-an. Kí wọ́n ya fọ́tò ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n àti ínfátà kí wọ́n tó yọ wáyà kankan, kí oníná tó máa tún un so má bàa máa méfò.

Àwọn ohun kan wà tí ìkánjú lè sọ di ewu. Fíríìjì yẹ kó ti kúrò lára iná ní ọjọ́ kan ṣáájú, kí yìnyín rẹ̀ yọ́, kí wọ́n nù ún gbẹ, kí ó dúró lóòró nínú ọkọ̀. Tí ó bá jẹ́ pé wọ́n gbé e dùbúlẹ̀ ní ojú ọ̀nà, kí wọ́n jẹ́ kó dúró lóòró fún ọ̀pọ̀ wákàtí nílé tuntun kí wọ́n tó tàn án, kí òróró inú ẹ̀rọ rẹ̀ lè sọ̀ kalẹ̀ padà. Kí wọ́n ti sìlíńdà gáàsì pa, kí wọ́n yọ régúlétọ̀ orí rẹ̀, kí ó dúró, kí ó má sì wà nítòsí jẹnẹrétọ̀. Jẹnẹrétọ̀ náà ẹ̀wẹ̀ kò gbọdọ̀ ní epo pẹtiróòlù nínú. Bátìrì ínfátà kì í fẹ́ kí wọ́n dorí rẹ̀ kodò. Òróró, epo pupa àti kẹrosíìnì yẹ kó wọ báàfù tàbí bókẹ́ẹ̀tì tó jinlẹ̀, kó má bàa dà sórí fóòmù. Ilé ìdáná ni kí wọ́n dì kẹ́yìn, kí ìdílé má bàa ra oúnjẹ jẹ fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ọkọ̀ tó bá ẹrù mu ṣe pàtàkì ju ọkọ̀ tí owó rẹ̀ kéré lọ. Pikọ́ọ̀pù tó rìn lẹ́ẹ̀mẹta sábà máa ń gba owó ju lọ́rì alábọ́dé tó rìn lẹ́ẹ̀kan lọ, ó sì ń gba odidi ọjọ́. Kí awakọ̀ wá wo ẹrù náà fúnra rẹ̀ kí wọ́n tó dúnàádúrà. Kí wọ́n fẹnu kò sórí owó epo pẹtiróòlù, àwọn tí yóò gbé ẹrù, àwọn àtẹ̀gùn tó wà nílé méjèèjì, okùn àti tàpólíìnì. Tàpólíìnì ò mọ ẹ̀ẹ̀rùn o, kí ó wà níbẹ̀ ni. Ẹni tó bá ń kó lọ sí ilé tirẹ̀ ní àdúgbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ lè pàdé àwọn ọ̀dọ́ tó ń béèrè owó ìsọ̀kalẹ̀ ẹrù. Òfin tí Èkó ṣe lọ́dún 2016 láti dáàbò bo ohun ìní ń gbógun ti irú ìfipágbowó bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ó sàn kí baálẹ̀ tàbí alága ẹgbẹ́ àdúgbò ti mọ̀ nípa ìkólọ náà ṣáájú ju kí ẹrù dúró lójú ọ̀nà kí wọ́n tó máa pe ọlọ́pàá.

Ojú ọ̀nà ní kàlẹ́ńdà tirẹ̀. Ìdílé tó ń ti Èkó lọ sí Mọ̀wé, Ṣàgámù tàbí Ìbàdàn kò gbọdọ̀ fi ọjọ́ Ẹtì àkọ́kọ́ nínú oṣù ṣe ọjọ́ ẹrù, nítorí ọjọ́ yẹn ni ìsìn Holy Ghost ń wáyé ní ìlú ìràpadà ìjọ Redeemed, tí ọkọ̀ sì máa ń to gbọọrọ lọ́nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Àárọ̀ Sátidé tó tẹ̀ lé e náà ń rí èrò púpọ̀ ní Prayer City ìjọ MFM lójú ọ̀nà kan náà. Ìparí ọdún àti àwọn ọjọ́ tó yí Iléyá ká kò dára fún ọkọ̀ ẹrù rárá. Ààrin oṣù, ààrin ọ̀sẹ̀, kí ọkọ̀ sì ti gbéra ní aago mẹ́fà àárọ̀: ìyẹn ló dára jù fún ẹni tí ibi iṣẹ́ rẹ̀ bá gbà fún un.

Lọ́jọ́ náà gan-an, ènìyàn méjì ló ń gbé ọ̀rọ̀ náà ró. Ọ̀kan dúró nílé àtijọ́ tó ń ka ohun tó ń jáde, èkejì ti wà nílé tuntun tó ń sọ ibi tí ohun tó wọlé yóò gbé wà. Ohun tó wúwo a kọ́kọ́ wọ ọkọ̀, a sún mọ́ iwájú níbi tí awakọ̀ wà. Fóòmù a wà láàárín gíláàsì àti igi. Ohun tí wọ́n máa lò lálẹ́ yẹn a wọlé kẹ́yìn kó lè jáde ṣáájú. Ohun ìlò alẹ́ yìí, ìyẹn ìbora, ọṣẹ, páìlì ìwẹ̀, àtùpà, oògùn tí ẹnì kan ń lò lójoojúmọ́, aṣọ ilé ìwé àti omi mímu, ló yẹ kó wà nínú àpò kan ṣoṣo tí gbogbo ará ilé mọ̀. Ìkókó àti aláboyún kò ní iṣẹ́ níbẹ̀. Kí wọ́n wà lọ́dọ̀ ẹbí títí ibùsùn yóò fi tẹ́.

Ilé àtijọ́ kò tíì tán nígbà tí ọkọ̀ bá lọ. Kí wọ́n gbá a, kí wọ́n dí ihò ìṣó, kí wọ́n ya fọ́tò yàrá kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ nọ́ńbà tó wà lórí mítà sílẹ̀, kí wọ́n san gbèsè ìdọ̀tí àti ti ilé ìtajà ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n sì fún onílé ní kọ́kọ́rọ́ lójú ẹlẹ́rìí. Fọ́tò wọ̀nyí ni yóò gba owó ìdúró padà bí onílé bá ní wọ́n ba ilé jẹ́. Kí wọ́n dágbére fún àwọn ará ilé dáadáa. Aládùúgbò àná ni yóò pe ìdílé nígbà tí lẹ́tà tàbí àlejò bá ṣìnà wá síbẹ̀.

Kí ẹrù tó wọ ilé tuntun ni ó yẹ kí wọ́n ti pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ ìlẹ̀kùn, kí wọ́n sì fín oògùn aáyán àti ìdun sí i. Yàrá òfìfo rọrùn láti fín, èyí tó kún fún àga ò rọrùn. Ìdun sì sábà máa ń bá fóòmù àti páálí wọlé, nítorí náà kí fóòmù sá oòrùn ṣáájú, kí páálí sì jáde kúrò nílé ní kíá lẹ́yìn tí wọ́n bá tú u. Ọ̀pọ̀ ìdílé a máa gbé omi, iyọ̀ àti oyin wọlé ṣáájú ohunkóhun, àwọn mìíràn a gbé Bíbélì tàbí Kùránì, pásítọ̀ tàbí ààfáà a sì gbàdúrà. Ìgbésẹ̀ yìí wúlò ju bí àwọn kan ṣe rò lọ: òun ni ń mú kí gbogbo ará ilé, títí kan àwọn ọmọ, fẹsẹ̀ wọ ilé náà pọ̀ kí ẹrù tó gba ojú wọn.

Ohun tó bá bàjẹ́ nílé tuntun, bí i ṣáláńgá tó dí, sọ́kẹ́ẹ̀tì tó ń tàná, tàbí fèrèsé tí kò tì, kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé fún onílé láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Bí ó bá pẹ́ jù, yóò jọ pé ẹni tó wọlé ló bà á jẹ́.

Àwọn ọmọ àti àgbàlagbà ló ń ru ìnira tó pọ̀ jù nínú kíkó lọ, àwọn náà sì ni ètò sábà máa ń gbàgbé. Ọmọ ọwọ́ tó ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára ní ọ̀sẹ̀ 6, 10, 14 àti ní oṣù 9 kò gbọdọ̀ pàdánù ọjọ́ rẹ̀. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà nítòsí ilé tuntun yóò tẹ̀ síwájú láti ibi tí káàdì rẹ̀ dé. Ilé ìwé àtijọ́ ní láti fún ọmọ ní ìwé ìkúrò àti èsì ìdánwò, wọn kì í sì í kọ ọ́ tán lọ́jọ́ kan. Bí ó bá jẹ́ ìyá tàbí bàbá tó ti dàgbà ni wọ́n ń gbé lọ sílé ọmọ, ètò náà yàtọ̀ pátápátá. Yàrá rẹ̀ ni kí wọ́n kọ́kọ́ tò, kí ibùsùn rẹ̀ kọjú sí ibi tó ti máa ń kọjú sí, kí àga tó ti jókòó lé fún ogún ọdún bá a lọ bó ti wù kó ti gbó tó. Kí iná kékeré wà láàárín yàrá rẹ̀ àti ilé ìwẹ̀, nítorí àgbàlagbà lè ṣubú lóru nílé tí kò tíì mọ̀. Kí ọ̀nà ìjọsìn rẹ̀ má sì jìnnà. Ọ̀pọ̀ ìyá tí wọ́n kó wá sí Èkó láti ìlú wọn ló ń sọ̀rọ̀ pípadà sílé láti ọ̀sẹ̀ kejì, kò sì sí ohun tó ń fà á ju pé wọn kò mọ ẹnikẹ́ni tí wọ́n lè kí láàárọ̀. Kí wọ́n mú àgbàlagbà náà lọ kí àwọn ará ọgbà ní ilé kọ̀ọ̀kan láàárín ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, kí orúkọ àti ìlú rẹ̀ di mímọ̀.

Ìyípadà àdírẹ́ẹ̀sì ló kẹ́yìn, ó sì ń pẹ́ jù. Báńkì, ibi iṣẹ́ àti ilé ìwé ń fẹ́ àdírẹ́ẹ̀sì tuntun. Àjọ elétò ìdìbò, INEC, náà ní ètò gbígbé orúkọ olùdìbò láti ibì kan sí ibòmíràn, àyè rẹ̀ a sì máa pa dé kí ìdìbò tó dé. Ẹni tó bá fi í sílẹ̀ di ọdún ìdìbò lè rí i pé àdúgbò tó ti kúrò ni yóò ti dìbò. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò ń ṣe ìpàdé ní ọ̀pọ̀ ibi, alága rẹ̀ sì ni ẹni tó mọ ọ̀nà ọ́fíìsì iná, ti ọlọ́dẹ àti ti àwọn tó ń kó ìdọ̀tí. Kí olórí ìdílé tuntun lọ sí ìpàdé àkọ́kọ́ tó bá bọ́ sí i lẹ́yìn tí wọ́n kó wọlé.